Àmù Ìyá Mi àti Gìtá Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ kejìlá tí a sin ìyá mi ni okùn kan já nínú yàrá wọn. Yàrá náà wà ní títì pa, kò sì sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Èmi wà ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé onípákó, mo fi etí lé ògiri bí ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ gbọ́, ni mo bá gbọ́ ọ: pá! Lẹ́yìn náà ni ikùn igi ń hùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ẹni tí kò bá ta gìtá rí lè ní eku ni. Èmi tí mo ti ń ta á láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí mo ti lé ní ọgọ́ta báyìí, mo mọ ohun tí mo gbọ́.

Gìtá mẹ́sàn-án ló wà nínú yàrá yẹn, tèmi ni gbogbo wọn. Mo fi okùn wọn sílẹ̀ ní fífà le kankan, ọyẹ́ ti dé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí mi ò lè tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀: àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bi ara wọn pé kí ni gìtá arúgbó ọkùnrin ń wá ní yàrá ìyá rẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ nípọn tó apá àgbàlagbà láti ìgúnpá dé orí ìka. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú rẹ̀ kí ó lè jọ ilé ayé òde òní, ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àlejò kì í dé, amọ̀ pupa lásán ló ṣì wà níbẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ òfì ní Òjé. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọn ni tíṣà kan, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ń gbé ní Yemẹtù. Nígbà tí wọ́n gbé tíṣà yìí lọ sí ìlú mìíràn tí kò ráyè kó gbogbo ẹrù rẹ̀, ó gbé gìtá kan wá sí ìsọ̀ ìyá mi, ó ní kí wọ́n fún ọmọ wọn tó máa ń fi ìka lu tábìlì lójoojúmọ́. Èmi ni ọmọ náà.

Okùn mẹ́ta péré ló kù lára gìtá ọ̀hún. Mo tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, mo yọ àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀, mo fi wọ́n rọ́pò àwọn tí kò sí. Ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́wọ́ mi fún odidi oṣù kan. Ìyá mi á máa fi òrí pa ìka mi, wọ́n á máa bú tíṣà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba gìtá náà lọ́wọ́ mi. Àgbà ni mo sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àrùn yìí ti wọ̀ mí lára. Bándì mẹ́fà ni mo ti bá ṣiṣẹ́ nínú ìlú yìí. Kò sí ibi ìkómọ tàbí ilé ọtí tí mi ò tíì ta gìtá dé. Gbogbo ibi tí mo bá dé, ojú mi á máa wá igi olókùn kiri. Mo ní Pupa, gìtá oníná tí olórí ẹgbẹ́ wa kan gbé fún mi nígbà tí ẹgbẹ́ tú ká. Mo ní Olókùn Méjìlá. Mo ní ọ̀kan tí èjìká rẹ̀ ti jóná, tí mo gbà lọ́wọ́ obìnrin kan tó fẹ́ fi dáná. Ọ̀kan sì wà tí mo rí ní ìsọ̀ alálòkù ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi kejì. Mo ní mò ń lọ ra yìnyín. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ọmọ ti lórúkọ, yìnyín kò sí, gìtá wà léjìká mi. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ju ọ̀já sí mi níwájú àwọn èrò pé kí n gbé e pọ̀n.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Mápó ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, lábẹ́ páànù gan-an. Ooru ibẹ̀ lè se ẹ̀wà. Lọ́dún tí a kó débẹ̀, gúlúù gìtá méjì yọ́, igi wọn ṣí kúrò lára ara wọn. Mo sunkún. N kò purọ́, àgbàlagbà ọkùnrin, mo jókòó sórí àga mo sunkún. Ìyá mi ló ní kí n kó gbogbo wọn wá sí yàrá àwọn, pé amọ̀ kì í jẹ́ kí ooru wọlé. Mo kan ìṣó gígùn mọ́ ògiri yíká, mo gbé wọn kọ́. Àgbà ni mo kọ́ sábẹ́ fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i.

Àmù ìyá mi wà ní igun yàrá náà, ó ga tó ìbàdí ènìyàn, wọ́n fi àwo dé e lórí. Ó ti pẹ́ tí kò sí ẹni tó ń mu omi inú rẹ̀ mọ́. Omi inú ọ̀rá ni gbogbo ilé ń mu. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, ìyá mi á pọn omi kún un títí ẹnu. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ta ló ń mu omi yìí ná?"

"Àwọn igi rẹ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, wọ́n lọ kí ẹbí wa kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni kò sì pọn omi sínú àmù. Ikùn Olókùn Méjìlá là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà náà ló wá yé mi. Ọyẹ́ máa ń fa omi kúrò lára igi, igi á súnkì, bí okùn bá sì ń fà á lọ́wọ́ nígbà náà, á là ni, tàbí kí ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Omi inú àmù ló ń tu yàrá yẹn lára. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló kù. Ààfáà ni, iwájú ilé wa ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ó ju ogún ọdún lọ báyìí tó sọ fún ìyá wa lójú mi pé yàrá tí gìtá bá wà, màlékà kì í wọ̀ ọ́. Inú mi máa ń tètè ru, ẹ̀bi mi nìyẹn. Mo ní màlékà tí kò bá fẹ́ràn gìtá, kí òun àti Ààfáà jọ dúró síta. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wá ta gìtá fún ìyá wa, bí mo ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́bọ̀, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò sì ní wọlé títí n óò fi lọ. A kì í jà. Ẹ ǹ lẹ́, ẹ káàárọ̀, ó dàbọ̀: gbogbo ohun tó wà láàárín wa kò ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn, àìsàn ti dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn gbogbo igi náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fa okùn gìtá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán le, mo ta wọ́n láti ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Mo ní n óò padà wá lọ́la láti dẹ àwọn okùn náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́, ìyá mi ti lọ.

Nílé wa, bí ènìyàn bá kú, Mọ́gàjí, tí í ṣe olórí ilé, á ti yàrá rẹ̀ pa lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí di àdúrà ogójì ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnì kan ti jí nǹkan mú. Kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, àwọn obìnrin ilé da omi àmù nù, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé, nítorí a kì í fi omi olóògbé sílẹ̀. Níṣojú mi ni wọ́n ṣe é. Ẹkún kò jẹ́ kí n ronú. Ìgbà tí àgádágodo dún ni mo tó rántí àwọn gìtá. Mọ́gàjí wo àwa méjèèjì, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ sí àbúrò mi. Èmi ni àkọ́bí. Ó dùn mí.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wọ yàrá Màmá. Kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ."

"Kí lo fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Mi ò ní mú nǹkan kan. Mo fẹ́ dẹ okùn gìtá mi ni, kí n sì pọn omi sínú àmù."

Bàbá wò mí tìyanu-tìyanu. "Omi? Sínú àmù olóògbé? Ta ló máa mu ún?"

Mo fẹ́ sọ pé igi ni, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Gbọ́ mi," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ṣí i fún ọ lónìí, lọ́la ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá fèrèsé wà ní títì. Ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà ni? Lọ bá àbúrò rẹ. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá gbọ́ ara yín yé, ojú mi ti di ojú arúgbó, kì í ríran jìnnà."

Kí ni ènìyàn tún ń fẹ́? Bàbá ti ṣílẹ̀kùn tán, ó kù kí n rìn wọlé. Ṣùgbọ́n nínú wáàsí ọjọ́ kẹjọ yẹn, àbúrò mi ti sọ pé ohun tí olóògbé bá fi sílẹ̀ sílé ni wọn yóò bi í léèrè lọ́run, pé kí oníkálukú palẹ̀ ohun tí kò dára mọ́. Nígbà tó sọ ọ́, ó dà bíi pé ojú mi ló ń wò. Mo rò ó pé bí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́, ńṣe ni n óò rán an létí. Á gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹbí lọ́jọ́ ogójì, á ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde nítorí ọ̀run ìyá wa, ta ni yóò sì bá Ààfáà jiyàn lórí ìyẹn? Ẹ̀rù bà mí.

Síbẹ̀, mo gbìyànjú. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo débẹ̀ kété tí wọ́n kírun Àsùbáà tán. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ìyá wa, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá dání, etí agbádá rẹ̀ tutù. Mo rò pé àdúrà ló wá ṣe fún wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí?"

"Kò sí."

Ó dúró. Ó wò mí, ó wo kẹ́tù ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

"Mo kàn ń kọjá lọ ni," ni mo wí, mo sì kọjá lọ.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ló di ọjọ́ kejìlá, tí okùn já. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ló gbẹ: ètè mi là, àga onígi inú ilé mi ń ké kẹ̀ẹ̀, eruku bo Mápó débi pé a kò rí òrùlé ìsàlẹ̀. Mo ń rò nínú ọkàn mi pé bí ọyẹ́ bá ń ṣe àga báyìí, kí ló ń ṣe Àgbà nínú yàrá tí àmù ibẹ̀ ti dojú dé? Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ikùn igi tó ń là.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú kan ti wọ̀ mí lórí. Mo ní ṣebí amọ̀ ni ògiri yẹn, ṣebí amọ̀ máa ń mu omi. Bí mo bá ń bu omi lù ú láti ẹ̀yìn, á fà á wọnú, inú yàrá á tutù díẹ̀, àwọn igi mi á rí nǹkan mu. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mo tilẹ̀ sọ òwe náà fún ara mi. Kànga wà nítòsí. Lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé bá wà ní mọ́ṣáláṣí fún ìrun ọ̀sán, mo ń fa omi, mo ń bù ú lu ògiri lábẹ́ fèrèsé, garawa mẹ́wàá, nígbà mìíràn méjìlá. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ó jọ pé mo ń fún aláìsàn lóògùn.

Ìyàwó ilé kan rí mi lọ́jọ́ kan, ó gbé igbá sọ̀kalẹ̀ lórí.

"Ọkọ mi, ògiri amọ̀ lẹ ń bu omi lù?"

"Ó dọ̀tí ni."

"Amọ̀ ló dọ̀tí?" Ó mi orí, ó gbé igbá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, mo rí i tí ògiri sán. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó fẹ̀ tó ìbú ìka ọmọdé. Ìbẹ̀rù ògiri wá kún ìbẹ̀rù gìtá. Mo ní n óò dáwọ́ dúró. Mo dáwọ́ dúró fún ọjọ́ kan, mi ò sì sùn. Lọ́jọ́ kọkànlélógún mo tún fa omi. Mo ní díẹ̀ ni n óò bù.

Garawa kẹrin wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Gbì! Lẹ́yìn rẹ̀ ni okùn ké, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ta gìtá. Abẹ́ fèrèsé gan-an ló ti dún. Àgbà ni.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé iwájú ilé. Mo kàn mọ̀ pé ọmọ odó wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń lu àgádágodo. Àwọn ọmọ kéú sá jáde. Àwọn obìnrin ń pariwo pé orí mi ti yí. Àbúrò mi sáré dé láti mọ́ṣáláṣí, ó na ọwọ́ láti gba ọmọ odó, mo tì í.

"Ìwọ lo pa á!" ni mo wí fún un, níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "O tì wọ́n mọ́lé kí ọyẹ́ lè pa wọ́n. Ṣé inú rẹ dùn báyìí? Ṣé màlékà ti ráyè wọlé?"

Mọ́gàjí ti dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Ṣílẹ̀kùn," ni wọ́n sọ fún un.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo kọjá níwájú Mọ́gàjí, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi, mo kọ́kọ́ wọlé. Gìtá mẹ́jọ wà lórí ògiri, wọ́n ń wò mí. Àgbà wà nílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti kán ní ìdí, okùn rẹ̀ ló ṣì so ó mọ́ ara, bí adìyẹ tí wọ́n kò pa tán. Mo kúnlẹ̀. Ẹkún tí mi ò rí sun fún ìyá mi látọjọ́ kẹjọ wá já lọ́fun mi.

"Ẹ wá wò ó!" mo pariwo sí wọn. "Ẹ wá wo bí yàrá yìí ṣe gbẹ! Ẹ wá wo àmù tí ẹ dojú rẹ̀ dé!"

Mo nawọ́ sẹ́yìn láti fi àmù òfìfo hàn wọ́n. Ọwọ́ mi ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wọ inú omi dé ìgúnpá.

Omi náà tutù. Àmù ti padà sí ìdúró rẹ̀, ó kún títí ẹnu. Mo wà níbẹ̀ tí mo na apá sínú rẹ̀, mi ò mọ ohun tí n óò ṣe sí i. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé yàrá yẹn kò gbẹ rárá. Ó tutù bó ṣe máa ń tutù nígbà tí ìyá mi wà láyé.

"Ta ló wọ yàrá yìí?" Mọ́gàjí béèrè.

"Èmi ni, Bàbá," àbúrò mi wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ní àràárọ̀, lẹ́yìn Àsùbáà."

"Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àṣẹ yín wà, ṣùgbọ́n ti Màmá ló ṣáájú. Lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní bí àwọn ò bá sí mọ́, kí n máa bá àwọn pọn omi sínú àmù, pé igi Bọ̀dá máa ń mu omi. Mo ní mo gbọ́." Ó gbé ojú sókè wò mí. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ okùn. Ẹ̀rù bà mí pé mo lè bà á jẹ́."

Mọ́gàjí tẹ̀ síwájú, wọ́n fi orí ọ̀pá fa ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbà jáde nínú eruku. Amọ̀ tútù yí i ká, ó rọ̀ bí amọ̀ tí ọmọdé ń fi ṣeré. Wọ́n gbé ojú wo ihò tí ìṣó ti yọ lára ògiri. Gbogbo abẹ́ fèrèsé ti dúdú fún omi. Wọ́n ṣí pákó fèrèsé. Garawa mi wà níta níbẹ̀, okùn kànga ṣì wà lára rẹ̀.

"Ta ló ń da omi sára ògiri?"

Ìyàwó ilé ọjọ́sí wà láàárín èrò. Ó wò mí, ó sì yí ojú kúrò.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Bí ògiri ò bá lanu…" ni Mọ́gàjí bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo àbúrò mi, wọn kò parí òwe náà. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tilẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n sì lé gbogbo èrò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku àwa méjèèjì. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ògiri náà kúkú wó. Ọwọ́ mi ni mo fi pa Àgbà, ọwọ́ tí ìyá mi fi òrí pa nítorí rẹ̀. Àbúrò mi rìn lọ sí orí àpótí aṣọ ìyá wa, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan wá. Okùn gìtá kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó já lọ́jọ́ kejìlá. Ó ti ká a rogodo, ó fi òwú funfun dì í ní ojú méjì.

"Mo bá a nílẹ̀," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò."

Mo gbà á. Okùn àtijọ́ ni, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ì bá já bí ọyẹ́ kò tilẹ̀ dé láyé.

"Ọjọ́ tí ẹ bá mi pẹ̀lú kẹ́tù," ni ó tún wí, "mo rò pé ẹ máa bi mí."

A ti ṣe àdúrà ogójì báyìí. Nígbà tí ẹbí béèrè ohun tí àbúrò mi fẹ́ nínú ẹrù ìyá wa, ó mú ẹní ìrun wọn. Kò mẹ́nu ba gìtá. Kí n tó ronú àtikó wọn lọ, ó ní kí n fi wọ́n síbẹ̀, pé ilé mi gbóná jù. Èmi àti òun la jọ po amọ̀ tí a fi tún ògiri ṣe, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti lẹ ọrùn Àgbà padà, ṣùgbọ́n kò lè gba okùn tó le mọ́. Bí mo bá ta á, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Èmi ni mo ń pọn omi sínú àmù nísinsìnyí. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo fọ̀ ọ́, mo sì yá kẹ́tù àlùwàlá àbúrò mi. Mo fẹ́ mọ iye ìrìn tó rìn ni. Kò lè gbé garawa kọjá lójú àwọn ará ilé láàárọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Kẹ́tù nìkan ni kò sí ẹni tó máa fura sí lọ́wọ́ Ààfáà. Láti ìdí kànga dé ẹnu àmù, mo ń lọ, mo ń bọ̀, eékún ń dùn mí, mo sì ń kà á. Kẹ́tù mọ́kàndínlógún ni kí ó tó kún.